Bàtà mẹ́ta ni tàbí mẹ́fà? Ìbéèrè lórí bí a ṣe lè kọ́ ọmọdé ní ohun tí òǹkà jẹ́

Àǹtí Kíláàsì Kìíní (Kábbà):

Okun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kíláàsì kìíní ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Kábbà, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ya àwòrán bàtà sójú pátákó, mo tò wọ́n ní méjì-méjì, mo wá bi àwọn ọmọ pé bàtà mélòó ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà ni ìdáhùn tí mo ń retí. Ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta bàtà òkìríkà lọ́jà dáhùn pé mẹ́ta ni. Mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà, ó sì dúró lórí mẹ́ta. Mo wá ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a jọ kà á títí a fi dé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, “Àǹtí, ẹsẹ̀ bàtà lẹ kà yẹn. Bàtà lẹ bi wá.” Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti fa iksì sí iṣẹ́ rẹ̀, ojú sì tì mí láti pa á rẹ́ níṣojú gbogbo kíláàsì.

Ilé ni mo dé kí n tó gbà pé òun ló sọ Yorùbá tó tọ́. Bí mo bá sọ pé mo ní bàtà mẹ́ta, kò sí ará ilé mi kan tí yóò rò pé ọ̀kan nínú wọn kò ní ẹnì kejì.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n mi kan tó ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì. Ó ní àwọn olùkọ́ kan ní Rọ́ṣíà ti ja ìjà yìí tipẹ́, pé wọ́n gbà pé kò yẹ kí ọmọdé fi kíkà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rárá, pé wíwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú, àti pé lójíìkì dàyálẹ́tíìkì, ìyẹn ọ̀nà ìrònú tó ń ti inú ìtakora wá òye, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé. Ó ṣe àlàyé tán, kò yé mi ju bó ti yé mi tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbéèrè mi nìyí: kí ni irú lójíìkì bẹ́ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú bàtà ọmọ yìí, ǹjẹ́ ẹni tó ní ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta nínú kíláàsì kan, tí kò sì ní ohun èlò kankan ju ṣọ́ọ̀kì lọ, lè fi kọ́ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kí n kàn máa tẹ̀lé ìwé. Ìwé náà ló kó bá mi.

Ọ̀gá Àgbà Afẹ̀yìntì (Ìsánlú):

Àbúrò mi olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín jù, nítorí ibi tí ọmọ yẹn mú yín dé, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń fa ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí lójíìkì jáde láàárín 1812 sí 1816, to ọ̀rọ̀ náà báyìí: ohun tí nǹkan jẹ́ ló kọ́kọ́ wá, iye rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìwọ̀n, níbi tí méjèèjì ti pàdé, ló wá gbẹ̀yìn. Ẹ fi èyí wo bàtà yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó lè béèrè pé mélòó, ó ti gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí yóò máa pè ní ọ̀kan. Ẹ̀yin pinnu pé ohun kọ̀ọ̀kan tí ojú rí lójú pátákó ni ọ̀kan. Ọmọ oníbàtà pinnu pé ohun tí ènìyàn lè wọ̀ jáde ni ọ̀kan. Lójú ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan kì í ṣe ìdajì ọjà, pàǹtí ni. Bí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ yà bá jẹ́ ti òsì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàtà kankan kò sí níbẹ̀.

Evald Ilyenkov, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Soviet tí wọ́n bí ní 1924 tó sì kú ní 1979, wà lára àwọn tó mú irú ìrònú yìí wọ inú kíláàsì. Ó ta ko àṣà kí a máa nàka sí nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí a máa wí pé ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, bí ẹni pé orúkọ nǹkan náà ni à ń pè. Èmi fúnra mi rí àbájáde àṣà yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka mẹ́ta hàn yín, yóò ka ení, èjì, ẹ̀ta, yóò sì gbé ìka kẹta nìkan sókè. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, “mẹ́ta” ni orúkọ ìka yẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó tì í ṣe ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ náà mọ òǹkà lórí, kò mọ ohun tí òǹkà ń ṣe.

Daniil Elkonin àti Vasily Davydov, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé tí wọ́n tẹ̀ lé ipa ọ̀nà Vygotsky, onímọ̀ ìrònú ọmọdé tó ṣáájú wọn ní Soviet, ló wá sọ èyí di ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè dìde kọ́. Láti 1959 ni wọ́n ti ń dán an wò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Moscow tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 91. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní níbẹ̀, ọmọ kò rí òǹkà rárá. Gígùn okùn méjì ni wọ́n ń fi wéra, tàbí omi inú ìgò méjì, tàbí bí nǹkan méjì ṣe wúwo tó, lẹ́tà sì ni wọ́n fi ń kọ ohun tí wọ́n rí: A ju B lọ, A àti B dọ́gba, bí a bá fi díẹ̀ kún B yóò bá A dọ́gba. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ yóò gbé ìṣòro kan kalẹ̀ tí ojú lásán kò lè yanjú. Omi kan wà nínú ìkòkò gbọọrọ níhìn-ín, omi mìíràn wà nínú ọpọ́n fífẹ̀ ní yàrá kejì, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé èyíkéyìí kúrò níbi tó wà. Èwo ló pọ̀ jù? Ọmọ gbọ́dọ̀ wá nǹkan kẹta, bí ife kan, tí yóò ti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì. Iye ìgbà tí ife náà kún kí omi tó tán ni òǹkà. Òǹkà níhìn-ín kì í ṣe orúkọ omi, kì í sì í ṣe orúkọ ife; bí ọ̀kan ṣe rí sí èkejì ló ń sọ.

Ibi tí dàyálẹ́tíìkì ti yọjú gan-an ló kàn yìí. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, kí ẹ bu gàrí tó dọ́gba fún wọn. Ẹ fún àwọn kìíní ní agolo ńlá, ẹ fún àwọn kejì ní agolo kékeré. Àwọn kan yóò ní mẹ́rin, àwọn kan yóò ní mẹ́sàn-án. Gàrí kò yàtọ̀, iye yàtọ̀, kò sì sí ẹni tó ṣìṣe. Èmi ìgbà tí mo wà léwe nínú iṣẹ́, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe: ǹ bá sáré pa ọ̀kan rẹ́. Ohun tí Davydov ń fẹ́ ni pé kí olùkọ́ fi ìtakora náà sílẹ̀ lórí tábìlì títí tí yóò fi máa yọ àwọn ọmọ lẹ́nu, tí àwọn fúnra wọn yóò béèrè pé agolo wo ni ẹ fi wọ̀n ọ́n. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí i pé bí agolo bá ṣe ń tóbi sí i ni iye ń kéré sí i. Bí agolo tó gbẹ̀yìn kò bá sì kún, ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà ìdá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ ìdá fún un. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti ra gàrí ní ọjà méjì tí múdù wọn kò dọ́gba ti kọ́ ọ, ó kàn sanwó rẹ̀ ni.

Àgbẹ̀ Ọlọ́mọ Mẹ́rin (Ìjùmú):

Ẹ kú àlàyé, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ewúrẹ́ mi kì í ṣe gàrí. Bí mo bá ní ewúrẹ́ méje, méje ni, ì báà ṣe agolo Moscow ni ẹ gbé wá. Àbíkẹ́yìn mi ti ń ka ewúrẹ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní A àti B. Wíwọ̀n dára, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ó fi gba ohun tí ọmọ ti mọ̀ láti ilé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kọ́ òmíràn?

Ebè nìkan ni mo lè fi gbà fún yín. Igba ni a fi ń ka ebè lóko, ẹni tí a gbà síṣẹ́ kì í sì í béèrè pé éékà mélòó ni. Igba mélòó ni òun yóò kọ ni yóò béèrè. Ebè ẹnì kan sì ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Ibẹ̀ ni ìjà owó ti ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọdún.

Ọ̀gá Àgbà Afẹ̀yìntì (Ìsánlú):

Bàbá ọlọ́mọ, ẹ ṣeun. Èyí tó lóyún nínú ewúrẹ́ yín ńkọ́? Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ọ̀kan ni. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dé, ẹ kò ní gba owó ọ̀kan lórí rẹ̀. Òótọ́ ni pé ewúrẹ́ ti wà ní ẹyọ-ẹyọ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí gàrí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kí ewúrẹ́ máa tan olùkọ́ jẹ gan-an nìyẹn, nítorí ẹni tó ń ka ewúrẹ́ ti yan ẹyọ tán láìmọ̀ pé òun yan nǹkan kan. Ebè tí ẹ fi gbà fún mi ti ṣẹ́gun fún mi ju gbogbo ohun tí mo kọ lókè lọ.

Olùkọ́ni Ìṣirò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì (Kábbà):

Mo kí gbogbo yín. Mo fara mọ́ bàbá Ìsánlú nínú púpọ̀ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo wà lẹ́yìn àgbẹ̀ lórí kókó kan: ọmọ wa kì í dé kíláàsì kìíní lófìfo, kò sì sí èrè nínú kí a fi òǹkà pamọ́ fún un títí ó fi mọ A àti B. Ohun tó yẹ ni kí a fi wíwọ̀n yẹ òǹkà tó ti mú bọ̀ láti ilé wò.

Pé ọmọ lè kà kò túmọ̀ sí pé ó mọ̀. Ní 1941 ni Jean Piaget, ará Switzerland, tẹ ìwé rẹ̀ lórí bí òye òǹkà ṣe ń hù nínú ọmọdé jáde. Ó to nǹkan ní ìlà méjì tó dọ́gba níwájú ọmọ, ọmọ gbà pé wọ́n dọ́gba. Ó wá fẹ ìlà kan láìfi nǹkan kan kún un, ọmọ tó kéré sì yí ohùn padà pé ìlà tó gùn ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní 1974, James McGarrigle àti Margaret Donaldson tún ìdánwò yìí ṣe ní Scotland. Dípò kí àgbàlagbà fọwọ́ ara rẹ̀ fẹ ìlà náà, bèbí béárì oníjàgídíjàgan kan ni wọ́n ní ó yọ wá tú u ká. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ì bá kùnà nínú ìdánwò ti Piaget ló wá sọ pé iye kò yí padà. Nígbà tí àgbàlagbà bá fọwọ́ kan nǹkan tó sì tún ìbéèrè kan náà bi ọmọ, ọmọ á rò pé ìdáhùn mìíràn ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ ro ọmọ oníbàtà yìí wò, tí àǹtí rẹ̀ ní kí ó tún un kà, tó sì dúró lórí mẹ́ta. Akíkanjú ni lójú tèmi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni pé Yorùbá fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí òǹkà jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Nígbà tí à ń kà lásán, a ń sọ pé ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí òǹkà bá bá nǹkan rìn, ó di mẹ́ta. Èyí tó wà ní ipò kan ni ẹ̀kẹta, àpapọ̀ wọn láìku ẹnì kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí a ṣe ní àṣetúnṣe sì di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ tó gbé ìka kẹta nìkan sókè fún bàbá ti da mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, àtúnṣe rẹ̀ sì wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ nílé. Nínú agolo àti gàrí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Davydov ń wá, tí ìwé wa ń wá mẹ́ta.

Ẹ tún wo ẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó dá orúkọ yẹn sílẹ̀ kò wo ẹ̀wá lẹ́yìn kí ó fi àrún lé e. Ogún tó wà níwájú ló wò, ó sì sọ ohun tó kù kí ó pé. Àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná náà tẹ̀ lé irú ètò bẹ́ẹ̀: ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì wọ inú ọ̀kẹ́ kan, ó di 20,000. Okùn jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kẹ́ náà jẹ́ ọ̀kan. Ọlọ́jà tó mọ̀ pé ọ̀kan lè tóbi tó báyìí kò ní bá ọmọ jà lórí bàtà.

Àwọn ọjọ́ wa ń kó ìtakora ti ara wọn. Ìjẹta gbé ẹ̀ta sínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni a óò yọ kúrò nínú dètì òní kí a tó dé ibẹ̀. Orúkọ ìpàdé ìtàdógún ń pe ẹ́tàdínlógún, tí kàlẹ́ńdà yóò sì fi mẹ́rìndínlógún hàn yín láti ìpàdé kan sí èkejì. A ń ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn. Àwọn tó ṣe kàlẹ́ńdà ń ka àlàfo tó wà láàárín. Mo ti rí ọmọ tó kùnà ìdánwò lórí irú èyí, tí olùkọ́ rẹ̀ rò pé kò mọ ìyọkúrò.

N kò sọ pé kí a máa fi èdè wa yangàn lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní Kábbà lónìí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà kí wọ́n tó gbọ́ ẹ́ẹ̀ẹ́dógún rárá. Ṣùgbọ́n ó ti ṣeé ṣe rí: láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Helen Verran, ará Ọsirélíà tó kọ́ni ní Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, sì sọ nípa olùkọ́ kan tó fi okùn kọ́ni ní gígùn. Àwọn ọmọ fi okùn wọn ara wọn, wọ́n wá wé okùn náà mọ́ páálí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, wọ́n sì ka iye ìgbà tó yí i. Gígùn di ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá lójú wọn. Ohun tí ìwé ń fẹ́ kọ́ ni pé kí ọmọ na rúlà tẹ̀ lé nǹkan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí olùkọ́ yẹn ṣe sún mọ́ bí a ṣe ń kà nílé, ó sì yé àwọn ọmọ. Òun náà kò ní ohun èlò ju okùn àti páálí lọ, ẹ̀yin àǹtí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn, nítorí gàrí ti wọ́n, kí ẹ sì pín ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta yẹn sí ẹgbẹ́ mẹ́jọ.

Àǹtí Kíláàsì Kìíní (Kábbà):

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo dán an wò lánàá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí kí n tó gbàgbé.

Mo kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà níwájú gbogbo wọn, mo pa iksì rẹ́, mo sì kọ méjèèjì sójú pátákó: bàtà mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Mo bu iyanrìn sínú ike mẹ́jọ tó dọ́gba. Ẹgbẹ́ mẹ́rin gba agolo mílíìkì, ẹgbẹ́ mẹ́rin gba agolo tòmátò kékeré. Ariwo tó sọ nígbà tí ìdáhùn dé kì í ṣe kékeré, nítorí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rò pé àwọn tó kù jalè. Mo ṣe bí bàbá Ìsánlú ti wí, n kò sọ̀rọ̀. Ó tó bíi ìṣẹ́jú márùn-ún tó dà bí wákàtí kan. Ọmọbìnrin kan ló wá dìde, ó gba agolo lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ki èyí tó kéré bọ inú èyí tó tóbi. Kò sọ ohunkóhun. Àwọn tó rí i dákẹ́, ó sì hàn lójú wọn pé ó yé wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì tí agolo wọn dọ́gba ní ìdáhùn tó yàtọ̀, ọ̀kan ní mẹ́fà, èkejì ní méje. Mo rò pé wọ́n da iyanrìn nù, títí ọmọ oníbàtà fi sọ pé àwọn tó ní mẹ́fà ń bu ún kí ó ga ní orí, pé àwọn tó ní méje ń bu ún kí ó tẹ́jú. Mo mú rúlà, mo gé orí agolo náà tẹ́ pẹrẹsẹ, mo ní báyìí ni kí gbogbo wa máa ṣe é. Ó wo agolo náà, ó wò mí, ó ní bí ènìyàn bá bu gàrí báyẹn fún ìyá òun lọ́jà, ìyá òun kò ní rà á, nítorí kò tíì pé agolo kan. Aago dún kí n tó rí èsì fún un. Ọjọ́ Ajé ni a óò tún pàdé, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ?